Fíìmù àtijọ́: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ̀dà wo sì ni kí ẹ mú?

Ẹ̀bi mi ni. Àbúrò mi ní òun fẹ́ mọ ohun tí mò ń rí nínú fíìmù àtijọ́ tí mi ò fi ń tètè sùn lálẹ́. Mo sáré gbé Citizen Kane kalẹ̀ fún un, fíìmù 1941 tí Orson Welles ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 25. Ohun tó jẹ́ kí n mú un kò ju òkìkí lọ: nínú ìbò tí ìwé ìròyìn Sight and Sound máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn alárìíwísí fíìmù ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, òun ló ń gba ipò kìíní láti 1962 títí dé 2002. Kò tíì tó 40 ìṣẹ́jú tí àbúrò mi fi ń hanrun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé 12 Angry Men kalẹ̀, ti 1957. Ọkùnrin 12 tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá ẹjọ́ wà nínú yàrá kan, ooru ń mú wọn, wọ́n ń jiyàn bóyá ọmọkùnrin kan ló pa bàbá rẹ̀ àbí òun kọ́. Kò sí ìbọn, kò sí ọkọ̀ tó ń sáré. Nígbà tó parí, àbúrò mi ò dìde. Ó ní òun ò tíì gbà pé ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́. A jiyàn títí àkùkọ fi fẹ́ kọ.

Ẹni kan náà ni, tẹlifíṣọ̀n kan náà, àga kan náà. Yíyàn mi ló yàtọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá fíìmù àtijọ́ fún òun, mi ò kàn ń dárúkọ mọ́. Mo máa ń fi méjì síwájú rẹ̀, kí a fi wọ́n wé ara wọn.

## Olókìkí tàbí èyí tó máa mú yín

Òkìkí àti ìgbádùn kì í ṣe ọmọ ìyá. Citizen Kane dùn, àmọ́ ẹni tó ti mọ bí fíìmù ṣe rí ṣáájú rẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ jù: bí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lókèèrè ṣe ń hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìtàn ọkùnrin kan ṣe ń gba ẹnu oríṣiríṣi èèyàn jáde tí kò sì dọ́gba. Ẹni tí kò rí àwọn ti ìṣáájú kò ní mọ ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀. 12 Angry Men kò bèèrè ìmọ̀ kankan lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti bá ẹbí yín jiyàn rí, ó tó.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Sidney Lumet tó darí rẹ̀ gbé kámẹ́rà ga ju ojú àwọn òṣèré lọ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yọ awò tó ń jẹ́ kí yàrá fẹ̀, ó ń fi èyí tó ń fún nǹkan mọ́ra rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìtàn bá fi máa dé ìparí, àjà yàrá ti wọ inú àwòrán, ògiri ti sún mọ́ wọn lẹ́yìn, ẹ̀yin náà á sì máa wá atẹ́gùn.

Ní 2012, Vertigo gba ipò kìíní lọ́wọ́ Citizen Kane. Ní 2022, ó bọ́ sọ́wọ́ Jeanne Dielman, fíìmù tí Chantal Akerman ṣe ní 1975. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ, obìnrin kan ń bó ọ̀dùnkún, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi han ẹni tí ẹ bá fẹ́ kó tún jókòó tì yín wo fíìmù mọ́ láyé.

Kí n tó lọ sí àwọn ìfiwéra tó kù, ẹ jẹ́ kí n sọ òṣùwọ̀n tí mò ń lò. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Àwọn tó ṣe fíìmù ayé ìgbà náà kò ní irinṣẹ́ tó pọ̀, òfin sì há wọn mọ́, nítorí náà àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọwọ́ òǹwòran ni àbọ̀ kejì wà. Mo gbà pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbó. Ìbéèrè kan náà ni màá máa bi gbogbo méjì-méjì tó wà nísàlẹ̀ yìí: èwo nínú wọn ló fi ìpín tèmi sílẹ̀ fún mi?

## Aláìlóhùn tàbí èyí tó ń sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1895, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière fi fíìmù han àwọn tó sanwó wọlé ní Paris. Fíìmù kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó lé ní ọdún 30 lẹ́yìn náà, ní 1927, kí The Jazz Singer tó jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbọ́ òṣèré tó ń kọrin, tó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, ojú lọ̀rọ̀ wà. Lóòótọ́ ni o: ojú, èjìká, bí èèyàn ṣe ń dì fìlà mú.

Ẹni tó bá máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláìlóhùn, apanilẹ́rìn-ín méjì ni mo máa ń fi síwájú rẹ̀, Charlie Chaplin àti Buster Keaton. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ojú ni Chaplin fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín, òun gan-an sì ni ọkùnrin yẹn. Nínú Modern Times (1936), ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gbé e mì, ó ń yí lọ láàrin àwọn àgbá onírin bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ ó rántí pé ebi ń pa ọkùnrin náà àti pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọdún tó ṣe é. Fíìmù ti ń sọ̀rọ̀ fún bíi ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo ayé ti gbà, òun ò gbà. Ó ṣe City Lights láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu ní 1931, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ orin rẹ̀. Ìgbà tó di 1940, nínú The Great Dictator, ló tó ṣe odindi fíìmù tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀.

Keaton kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún. Ojú rẹ̀ le bí òkúta, ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Nínú Steamboat Bill, Jr. (1928), iwájú odindi ilé kan wó lé e lórí, ibi tí fèrèsé òkè wà ló sì dúró sí gẹ́lẹ́, nítorí náà ilé wó kọjá lára rẹ̀, òun ṣì dúró. Kì í ṣe ọgbọ́n kámẹ́rà. Ilé náà wúwo ní tòótọ́, àyè tó sì wà láàrin èjìká rẹ̀ àti etí fèrèsé kò ju ìwọ̀nba bíńtín. Nínú The General (1926), wọ́n jẹ́ kí ojúlówó ọkọ̀ ojú irin gba orí afárá tó ń jóná já sínú odò.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àyà òun rọ̀, Chaplin. Ẹni tó bá fẹ́ máa pariwo pé “báwo ló ṣe ṣe é?”, Keaton. Tèmi, Keaton ni mo máa ń fi ṣíde, Sherlock Jr. (1924) ní pàtó, torí pé bíi 45 ìṣẹ́jú péré ni, kò sí ẹni tí kò lè fara dà á. Níbi tí omi ti ya lé e lórí nínú fíìmù yẹn, egungun ọrùn rẹ̀ sán, kò sì mọ̀ àfi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí dókítà rí àpá rẹ̀. Mo máa ń dúró kí fíìmù parí kí n tó sọ ìyẹn.

Àwọn kan ní àwọn ò fẹ́ràn aláìlóhùn torí pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sáré kiri bí eèrà tí wọ́n da omi sí. Ẹ̀bi ẹ̀dà ni, kì í ṣe ẹ̀bi fíìmù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì tó àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà tí ohùn dé ni 24 di òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ ti 24 ta fíìmù tí wọ́n yà ní 16 tàbí 18, gbogbo èèyàn á máa sáré. Ẹ̀dà tó dáa á ti tún ìyẹn ṣe. Orin náà tún ńkọ́? Àwọn fíìmù yìí kò dákẹ́ rí, ẹni kan máa ń tẹ dùùrù nínú ilé sinimá, tàbí kí ẹgbẹ́ olórin kan jókòó síwájú. Ẹ̀dà kan lè ní orin tó bá a mu, kí èkejì ní orin tí ẹnì kan kàn dà lé e lórí. Bí orin bá ń bí yín nínú, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò kábàámọ̀.

## Dúdú àti funfun, tàbí aláwọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbí, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n bí ní aláwọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n lọ kun láwọ̀ nígbà tó dàgbà.

Èyí tí wọ́n bí ní aláwọ̀, ẹ wò ó láìbẹ̀rù. The Wizard of Oz (1939) bẹ̀rẹ̀ láìní àwọ̀ ju ti ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ọmọbìnrin náà wá ṣí ilẹ̀kùn, àwọ̀ sì ya wọlé. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo àwọ̀ lójú fóònù á ṣì mí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n lọ kun lẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kun fíìmù láwọ̀ nítorí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kun Casablanca (1942) ní 1988. Ariwo tó tẹ̀ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin ìtọ́jú fíìmù lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó ń yan fíìmù 25 lọ́dún, nígbà náà, èyí tí wọ́n bá ti yàn kò gbọdọ̀ jáde ní ẹ̀dà tí wọ́n kùn láìsí ìkìlọ̀ lára rẹ̀. Casablanca wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 1989. Ẹni tó tan iná sí ojú àwọn òṣèré nínú fíìmù náà, òjìji ló ń fi kọ̀wé. Ẹni tó kùn ún kan fi ọ̀dà bo ìwé náà mọ́lẹ̀ ni.

Ó ku kí n ti èyí lẹ́yìn. Ayé fún wa ní ìdánwò kan tó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí Alfred Hitchcock ṣe Psycho ní 1960, àwọ̀ ti wà, òun fúnra rẹ̀ ti fi ṣe fíìmù púpọ̀. Ó mú dúdú àti funfun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ nínú ilé ìwẹ̀ yẹn, ṣokoléètì olómi ni. Láti 1934 ni Hollywood ti ń fi ọwọ́ líle mú ìwé òfin tó ń sọ ohun tí fíìmù kò gbọdọ̀ fi hàn, nítorí náà ó gé àwòrán wẹ́wẹ́: ọ̀bẹ, ẹnu tó là, ọwọ́ lára ògiri, omi, fáyólìnì tó ń ké. Àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n búra pé àwọn rí ọ̀bẹ tó ń wọ ara. Ohun tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Àwọn fúnra wọn ló parí rẹ̀.

Ní 1998, Gus Van Sant tún fíìmù yẹn ṣe, àwòrán fún àwòrán, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ibi, àmọ́ ní aláwọ̀. Bí ẹ bá ní alẹ́ méjì, ẹ wo méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ti èkejì pupa rokoṣo, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹyọ kan wà tó yàtọ̀. A Trip to the Moon tí Georges Méliès ṣe ní 1902 ní ẹ̀dà kan tí wọ́n fi ọwọ́ kùn láyé ìgbà náà gan-an, àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i ní Barcelona, ó ti bàjẹ́ kọjá sísọ, ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe jáde ní 2011. Ìyẹn, ẹ mú èyí tó láwọ̀.

## Àkọ́ṣe tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Síbẹ̀, mi ò sí nínú àwọn tó ń sọ pé àtúnṣe kì í dáa.

Seven Samurai tí Akira Kurosawa ṣe ní Japan ní 1954 gba 207 ìṣẹ́jú. Àwọn àgbẹ̀ abúlé kan ń wá jagunjagun tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olè, oúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ní láti fi san owó iṣẹ́. Ní 1960, Amẹ́ríkà gbé e wọ aṣọ àwọn darandaran oníbọn, wọ́n pè é ní The Magnificent Seven, kò sì ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí àbúrò yìí dùn, orin rẹ̀ ò ní kúrò létí yín. Ohun tó sọnù nínú rẹ̀ ni ìdúró. Kurosawa lo bíi wákàtí kan lórí bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn méje náà jọ, nítorí náà bí ọ̀kan bá kú nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ òjò ìparí, ẹni tí ẹ mọ̀ ló kú. Ẹni tó bá ní ọjọ́ ìsinmi kan gbáko, kó mú ti 1954. Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, kò sí ìtìjú nínú ti 1960.

Àtúnṣe tó bá gbé ìtàn lọ sí ilẹ̀ mìíràn máa ń ní ẹ̀mí tirẹ̀. Èyí tó kàn fẹ́ fi irinṣẹ́ tuntun sọ ohun kan náà ni mo máa ń sá fún.

Irú kan tún wà tó burú ju méjèèjì lọ, ẹ̀dà tí wọ́n gé láti fi tà nílẹ̀ òkèèrè. Godzilla tí Japan ṣe ní 1954 jẹ́ ìtàn ìbànújẹ́ àwọn tí bọ́ǹbù ti jó rí. Èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1956, wọ́n gé púpọ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fi oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan sáàrin, Raymond Burr, tó ń ṣàlàyé ohun gbogbo fún yín bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ẹ wo orúkọ ọdún dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

## Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dà tí wọ́n wẹ̀ mọ́

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù fíìmù tó dáa láìmọ̀. Wọ́n wo ẹ̀dà tó ti kú, wọ́n wá ní fíìmù náà ló kú.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù títí di nǹkan bí 1950, náítíréètì, máa ń gbiná bí ẹ̀tù, ó sì ń jẹra bí ewé tó bọ́ sínú omi. Ìwádìí tí Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2013 ní nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo fíìmù aláìlóhùn gígùn tí Amẹ́ríkà ṣe ló ti sọnù pátápátá. Èyí tó kù, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn ni wọ́n ti ń rí wọn. Wọ́n rí ẹ̀dà The Passion of Joan of Arc (1928) tó pé nínú yàrá kan ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Oslo ní 1981. Ti Metropolis tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì tún le jù. Wọ́n fi hàn ní Berlin ní 1927, wọ́n gé e kúkúrú láàrin oṣù díẹ̀, gbogbo ayé sì ń fi ọdún 80 wo ìtàn tí kò yé ẹnikẹ́ni tán. Ní 2008, ẹ̀dà kan yọjú ní Buenos Aires, ó ní bíi 25 ìṣẹ́jú tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti jóná. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Metropolis méjì tí wọ́n gbé síta, ẹ mú èyí tó sún mọ́ wákàtí méjì àbọ̀, tó jáde ní 2010. Ibi tí àwòrán ti kún fún ìlà tí ojú rẹ̀ sì kéré sí i, ibẹ̀ ni ohun tó ti Buenos Aires wá. Mo máa ń kí i bí àlejò.

Pather Panchali tí Satyajit Ray fi bíi ọdún mẹ́ta yà nígbà tí owó ń tán tó ń padà, tó wá jáde ní 1955, iná jó òdì fíìmù rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà jáde, ní London ní 1993. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ wákàtí tún àwọn ibi tí kò jó tán ṣe, wọ́n fi ẹ̀dà mìíràn dí èyí tó kù. Ẹ̀dà 2015 náà ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá wo ẹ̀dà tó ti ṣú kò ní rí òjò tó ń kán lé orí omi, òjò yẹn sì jẹ́ ìdajì ohun tí fíìmù náà fẹ́ sọ.

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kò burú nítorí pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Night of the Living Dead (1968) di ti gbogbo ayé láti ọjọ́ tó jáde, torí pé nígbà tí wọ́n yí orúkọ fíìmù náà padà, wọ́n gbàgbé láti fi àmì ẹ̀tọ́ oníǹkan síbi orúkọ tuntun. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ló ń dà á kọ, ẹ̀dà ẹ̀dà ẹ̀dà. Bí ẹ ṣe máa dá èyí tó bàjẹ́ mọ̀ kò le: ojú àwọn èèyàn funfun gbòò débi pé ẹ kò rí ẹyinjú wọn, orí wọn gé lókè, tàbí gbogbo wọn sanra lọ́nà tí kò bójú mu. Bí àríyànjiyàn bá gbé fíìmù náà dúró, ẹ fara dà á. Bí òjìji bá gbé e dúró, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá rí èyí tó mọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: ọ̀fẹ́ ti sọ fíìmù kan di olólùfẹ́ gbogbo ilé rí. It's a Wonderful Life kò pa owó tó yẹ nígbà tó jáde ní 1946. Ní 1974, àwọn tó ni ín kò tún ẹ̀tọ́ wọn ṣe, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lọ́dọọdún nítorí pé kò ná wọn ní nǹkan.

## Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tàbí ohùn tí wọ́n fi rọ́pò

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ mú, ìyẹn ìtumọ̀ èdè òkèèrè tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ohùn òṣèré jẹ́ apá kan lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ibi kan ṣoṣo tí mi ò ti le koko ni fíìmù Ítálì àwọn ọdún 1940 sí 1960, torí pé àwọn fúnra wọn sábà máa ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ya àwòrán tán, ohùn tí ẹ ń gbọ́ náà sì lè má jẹ́ ti ẹni tí ẹ ń wò.

Fún ẹni tí ìwé kíkà kò rọrùn fún, ọ̀nà kẹta wà. Láyé àwọn aláìlóhùn ní Japan, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní benshi máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, á máa sọ ìtàn, á máa fi ohùn ṣe gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Àwọn míì lókìkí ju òṣèré lọ. Ẹ lè ṣe benshi fún ara yín nílé.

## Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, ilé sinimá

12 Angry Men dùn lójú fóònù. Lawrence of Arabia (1962) kò dùn níbẹ̀. Ibì kan wà tí ọkùnrin kan ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nínú aṣálẹ̀, ó kéré bí ẹyọ iyanrìn, ooru ń mì í tìtì, ẹ ò mọ̀ bóyá èèyàn ni àbí iwin. Lójú fóònù, ẹ ò ní rí nǹkan kan títí tó fi dé tán. Bí ilé sinimá kan nítòsí yín bá fẹ́ fi hàn, ẹ lọ.

Fún ti tẹlifíṣọ̀n, nǹkan méjì péré. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ pa ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ tẹ̀rẹ́, èyí tó ń sọ gbogbo fíìmù di ìròyìn alẹ́. Ẹ má sì fa àwòrán kó kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù tó ṣáájú àwọn ọdún 1950 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gígùn àti fífẹ̀, àyè dúdú tó wà lọ́tùn-ún lósì kì í ṣe àléébù.

## Bí alẹ́ yín bá ṣe rí

| Bí alẹ́ yín bá rí báyìí | Ẹ mú èyí | Ìṣẹ́jú | Dípò èyí |
|---|---|---|---|
| Ó ti rẹ̀ yín, àmọ́ ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín | Sherlock Jr. (1924) | 45 | The General |
| Èèyàn pọ̀ nílé, wọ́n fẹ́ jiyàn | 12 Angry Men (1957) | 96 | Citizen Kane |
| Ẹ fẹ́ fíìmù ìfẹ́ tí kò ní sọ yín di ọmọdé | Casablanca (1942) | 102 | èyíkéyìí tí wọ́n kùn láwọ̀ |
| Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́ | Rashomon (1950) | 88 | Vertigo |
| Ẹ fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín | Psycho (1960) | 109 | ti 1998 |
| Ìtàn kékeré tó máa gún yín lọ́kàn | La Noire de… (1966) | bíi 60 | fíìmù ogun tó gùn |

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì yìí, Ousmane Sembène ará Senegal ló ṣe é: ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó rò pé òun máa rí ìlú, ilé ìdáná ló rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ṣọ́ ìbòjú igi tó gbé wá láti ilé, ibi tó bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀.

## Ìgbà wo ni kí ẹ pa á?

Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú. Bí kò bá tíì ká yín lára ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ pa á, kò sí ẹni tó máa gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yín.

Tokyo Story nìkan ni mo yọ sílẹ̀, fíìmù tí Yasujirō Ozu ṣe ní 1953. Kámẹ́rà rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní bí àlejò, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Tọkọtaya arúgbó kan lọ kí àwọn ọmọ wọn ní ìlú ńlá, ọwọ́ àwọn ọmọ sì dí. Mo pa á ní ìṣẹ́jú 20 nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo tún gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá mi, mò ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sókè fún wọn bí benshi. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn, mo tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ìyá mi fọwọ́ bà mí léjìká. Wọ́n ní, “Ṣé ò ń wò wọ́n? Wọ́n máa tó wá ibi tí wọ́n máa kó bàbá àti ìyá wọn lọ.” Mo ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí mo kà. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, àwọn ọmọ dá owó jọ, wọ́n sì kó àwọn arúgbó náà lọ sí ilé ìgbafẹ́ kan létí òkun.